Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Lórí Edé

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi, kí ẹlòmíì má baà bá mi sọ ọ́.

Orí tábìlì kan ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta edé ní Okokomaiko, níwájú ilé bàbá kan tí a jọ ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan náà. Edé tí wọ́n ń tà káàkiri nígbà yẹn, yanrìn ló kún inú ẹ̀. Ẹ ó máa jẹ ọbẹ̀, eyín yín á máa dún. Èmi máa ń ṣà á, màá gbọ̀n ọ́n, màá tún un ṣà, kí n tó lọ̀ ọ́ sínú ọ̀rá kéékèèké. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin Navy Town fi ń gun ọ̀kadà wá rà á. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kan nínú ilé bàbá náà. Nígbà tí ọwọ́ mi nìkan ò ká a mọ́, mo gba opó kan láti Ajangbadi, ọlọ́mọ mẹ́ta, kó máa bá mi ṣà á. Lẹ́yìn ẹ̀, mo gba méjì sí i. Obìnrin mẹ́ta ń fi edé bọ́ ilé wọn, ìjọba ò sì fi kọ́bọ̀ ràn mí lọ́wọ́.

Nínú ìjọ wa, bí nǹkan bá ṣẹnuure fún ẹ, o gbọ́dọ̀ jáde wá jẹ́rìí. Bí o bá dákẹ́, wọ́n á ní o fẹ́ jí ògo Ọlọ́run. Èmi náà jáde lọ́jọ́ Sunday kan pẹ̀lú àwọn obìnrin mi. Ǹ bá ti sọ pé Ọlọ́run ṣeun, kí n lọ jókòó. Rárá o. Mo ka iye àpò tó ń tán lọ́sẹ̀, mo sọ bí àwọn èèyàn ṣe ń wá láti Iba, mo ní mo fẹ́ gba òṣìṣẹ́ méjì sí i. Onílé mi wà níwájú láàárín àwọn àgbà ìjọ. Alelúyà tiẹ̀ ló ròkè jù. Ìyàwó ẹ̀ dìde, ó bá mi jó títí orin fi parí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kò pé oṣù méjì tí onílé mi pè mí pé òun fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù òun, ọmọ òun fẹ́ lò ó. (Ẹ má retí kí n pè é ní “wọ́n”. Ọ̀wọ̀ yẹn ti tán lára mi.) Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, pàbó ló já sí. Mo lọ bá wòlíì. Wòlíì ní kí n máa gbàdúrà. Ta ni yóò bá ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀ fún ìjọ wí? Ọ̀sẹ̀ tí mo kó jáde ni ìyàwó ẹ̀ kó edé wọbẹ̀. Ọmọ tó fi ṣàwáwí wà ní Ìbàdàn, kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan. Títí di òní, inú ń bí mi.

Mo padà sórí tábìlì, lójú ọ̀nà níbẹ̀ náà, nítorí pé agbára mi ò ká ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Tábìlì ò lè bọ́ obìnrin mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n lọ wáṣẹ́, ojú sì tì mí gan-an.

Nígbà tó yá, opó Ajangbadi yẹn wá bá mi. Ó ní ìyàwó onílé fẹ́ gba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsọ fún mi. Èpè wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Mo ní kó lọ, kó lọ bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀. Kò lọ. Ó ń lọ́ etí ìró ẹ̀ mọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ló wí. “Wọ́n ní ẹni tó bá kí yín nínú wa, kó má padà wá síṣẹ́ mọ́. Tí mo bá kọjá lọ́la tí mi ò kí yín, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àfojúdi.”

Àràárọ̀ ló ń gba iwájú mi kọjá. Bí mo bá ti rí i lókèèrè, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.