Tápẹ́ẹ̀tì Tí Mo Sẹ́tì Lórí Ẹ́ńjìnnì Gbígbóná

Kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n mi rárá ni wọ́n ti mú mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Jọ́ọ̀sì, kí n wá kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì máṣíìnì. Máṣíìnì là ń pe alùpùpù níbí. Ẹnu àwọn Haúsá la ti gbà á, ó sì ti di tiwa. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá ń retí ìtàn dídùn nípa bí àwọn àgbà ṣe fi ìfẹ́ tọ́ wa, ẹ wá ibòmíràn lọ. Ọ̀gá mi burú. Ó ṣì wà láyé bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ dáadáa, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni mò ń sọ.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ẹ́ńjìnnì. Fálùfù ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀kan ń ṣí kí epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, èkejì ń ṣí kí èéfín jáde. Irin kan ló ń tẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó ṣí, òun là ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì. Láàárín irin yìí àti fálùfù, àlàfo kékeré gbọ́dọ̀ wà, tí kò ju kí bébà wọ ibẹ̀ lọ. Bí àlàfo náà bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa ké kàkàkà, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé o ń bọ̀. Bí kò bá tó, ilẹ̀kùn ò ní lè tì, agbára á máa jò lọ, máṣíìnì ò sì ní jí láàárọ̀. Irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín la fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ ti tutù kí o tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá gbóná, irin á ti wú, àlàfo á ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. O lè wọ̀n ọ́n kó pé, kí inú rẹ dùn. Bó bá tutù tán, ó ti sún pọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ní ìyẹn rèé. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Nasarawa Gwong, mo gbé sípánà lé ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Kò bú mi. Ó rọra gba ọwọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ ẹ́ńjìnnì náà, ó sì mú un síbẹ̀. Ó ní, “Ṣé ó tutù?” Mo ń ké. Ó tún bi mí, ohùn rẹ̀ ò gòkè rárá, “Ṣé ó tutù?” Ìgbà tí mo dáhùn pé kò tutù ló tó fi mí sílẹ̀. Àpá náà ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Ẹni tó bá bọ̀ mí lọ́wọ́ máa ń fura.

Ọmọ iṣẹ́ kan wà tó ṣáájú mi, ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ní kó tú kábúrétọ̀ kan, ọmọ náà ní, “Ọ̀gá, kì í ṣe ibẹ̀ o, pulọ́ọ̀gì ló bàjẹ́.” Òótọ́ ló sọ. Ọ̀gá pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, máṣíìnì jí, oníbàárà lọ. Ìgbà náà ló wá kó ẹrù ọmọ náà dà sójú títì, ó ní kó padà sí Ọ̀yọ́ kó lọ máa ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ọ̀gá bá ti sọ, “bẹ́ẹ̀ ni sà” ni gbogbo wa ń dá lóhùn.

Mo lo gbogbo ọdún tí wọ́n bá mi dá. Nígbà tó yá, èmi ni mò ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ọ̀gá mi á jókòó sórí táyà, á máa jẹ góòrò. Oníbàárà tó bá dé, èmi ló ń béèrè. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn sí i.

Àṣà kan wà láàárín àwa mẹkáníìkì ìgbà náà. Bí wọ́n bá fẹ́ fún ọmọ iṣẹ́ ní fírídọ̀mù, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n á fún un ní máṣíìnì kan kó sẹ́tì tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Máṣíìnì náà á sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, lójú àwọn àgbà ẹgbẹ́ àti àwọn òbí rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ ta á. Bó bá jí, àdúrà bẹ̀rẹ̀, ó ti di ọ̀gá nìyẹn. Bí kò bá jí, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ, ọmọ iṣẹ́ á sì padà sídìí iṣẹ́.

Inú ọyẹ́ ni tèmi bọ́ sí. Ẹni tí kò bá gbé Jọ́ọ̀sì rí kò tíì mọ ọyẹ́. Ìyá mi wọ ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó gbé obì, ó gbé páálí ẹlẹ́rìndòdò, ó di iṣu, ó sì wọ aṣọ òkè tó fi ṣe ìgbéyàwó. Ó ti sọ fún gbogbo ọjà wọn pé ọmọ òun fẹ́ di ọ̀gá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ gun máṣíìnì tí mo fẹ́ ṣe. Ó gùn ún lọ sí Farin Gada, ó gùn ún bọ̀, ó tún yí i padà lọ. Nígbà tó dé, ooru ń jáde lára ẹ́ńjìnnì náà bíi ti ààrò. Ó gbé e síwájú mi, ó ní, “Ṣí i.” Mo gbé ọwọ́ lé e, àpá ọwọ́ mi ti dá mi lóhùn kí n tó bi í. Mo wo ojú rẹ̀. Ó ní, “Ṣé mo ní kí o máa wò mí ni?” Mo mọ̀ pé ó gbóná, òun náà mọ̀. Mo rántí ọmọ Ọ̀yọ́ ọjọ́sí àti ẹrù rẹ̀ lójú títì. Mo rántí ìyá mi tó ti wà lọ́nà. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni sà,” mo sì ṣí i. Mo fẹ́ dọ́gbọ́n, kí n fi àlàfo náà sílẹ̀ kó fẹ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó dúró tì mí, ó ń fi irin ìwọ̀n tirẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí n fún bóòtù rẹ̀ le sí i.

Ilẹ̀ mọ́, òtútù ń mú bí ẹni máa pani. Mo ta máṣíìnì náà. Ó mí fìì, kò jí. Mo tún ta á. Mo ta á títí òógùn fi bò mí nínú ọyẹ́, tí bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń sọ pé pẹ̀lẹ́, nígbà tó yá wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi mi orí, ó kọjú sí àwọn àgbà ẹgbẹ́, ó ní òun fẹ́ràn ọmọ yìí púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀ ọ́n. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún un nínú erùpẹ̀, tòun ti aṣọ òkè rẹ̀. Ọ̀gá ní kó dìde, kó máa lọ, àwọn á ránṣẹ́ sí i. Nígbà tó fẹ́ kó ẹrù rẹ̀, ọ̀gá ní kó fi ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, pé ọ̀nà jìn, kò yẹ kó tún máa rù ú padà. Wọ́n mu ún lójú wa. Ìyá mi ló bá wọn kó ìgò jọ.

Bí gbogbo wọn ṣe túká tán, ọ̀gá mi tú tápẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀, ó ta á, ó sì jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “O mọ̀ pé ó gbóná. Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?”

Mo tún sìn ín. Ibà pa ìyá mi kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí i. Lọ́jọ́ tí mo gba fírídọ̀mù nígbẹ̀yìn, máṣíìnì jí, wọ́n gbàdúrà, mi ò rántí ohun tí wọ́n wí.

Èmi náà ti ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, ó ti pẹ́. Máṣíìnì òde òní kì í ṣe irú ti àtijọ́. Omi ló ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, o ní láti tú táńkì àti gbogbo ike ara rẹ̀ kí o tó rí fálùfù, kò sì sí bóòtù tí o máa yí. Irin róbótó kékeré kan bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù ló jókòó lórí fálùfù. Bí àlàfo bá ti yàtọ̀, o máa yọ ọ́, o máa fi èyí tó nípọn jù ú lọ tàbí tó fẹ́lẹ́ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n o ṣì gbọ́dọ̀ dúró kó tutù.

Ní ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀gá mi gun irú rẹ̀ wá bá mi. Ti oníbàárà rẹ̀ kan ní Rayfield ni, kì í jí láàárọ̀. Ojú ọ̀gá mi ti di bàìbàì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè rí irin róbótó yẹn, kí á má tilẹ̀ sọ pé kó gbé e sípò. Bó ṣe gùn ún dé láìwọ gọ́tà, Ọlọ́run ló mọ̀. Ó ní kí n bá òun ṣe é kíá, pé oníbàárà kan ṣoṣo tó kù fún òun nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo ní, “Ẹ jókòó sà, ó gbóná.” Mo gbé bẹ́ǹṣì fún un síbi tí atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń fẹ́ wọlé. Oòrùn yí. Ó ń wúkọ́, ó fi fìlà bo etí. Ó ní, “Ṣé kò tíì tutù?” Mo gbé ọwọ́ mi tó lápàá lé e níbi tó ti lè rí mi. Ó ti tutù bí omi kànga. Mo ní, “Kò tíì tutù, ọ̀gá.” Ó tún jókòó. Ó mọ ohun tí mò ń ṣe. Inú mi sì dùn, mi ò ní purọ́ fún yín, ó pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọmọbìnrin kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí. Haúsá ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, Yorùbá rẹ̀ ń ta kọsẹ̀. Ó dìde níbi tó ti ń tẹ fóònù, ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì náà, ó wò mí lójú níwájú ọ̀gá mi, ó ní, “Haba, ọ̀gá. Ó ti tutù fa. Ó ti tutù tipẹ́. Òtútù á pa bàbá yìí.”

Ọwọ́ mi ti gòkè kí n tó mọ̀. Kò sá. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé nítorí òun ni ọwọ́ náà ṣe gòkè. Mo fi họ orí, mo ní kó ṣí i. Ó tan iná fóònù, ó ń wọ̀n ọ́n, ó rọra ń kọrin Haúsá. Ọ̀gá mi ò wò mí. Ọmọ náà ló ń wò, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Ọmọ iṣẹ́ ń já irọ́ ọ̀gá rẹ̀ níta gbangba, ẹrù rẹ̀ ò dé ojú títì, ó sì tún béèrè oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́ mi lẹ́yìn náà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì dárí ji ọ̀gá mi, ẹ má bá a bẹ̀ mí. Ohun tó ń dùn mí ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kéré tó lẹ́nu ọmọ yẹn. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nínú yàrá mi, èmi nìkan: “Ọ̀gá, ó ṣì gbóná.” Kò gbà ju kí èèyàn mí sínú lọ. Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni, bóyá ọ̀gá mi ìbá lé mi, bóyá kì bá tí lé mi. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì bá tí kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀ yẹn.