Ìpè Ìrọ̀lẹ́ ní Ọ̀nà Alajue

Nígbà tí Àwáwù wà ní ọmọdé, kò sí àgbẹ̀ tí í kúrò lóko ní ọ̀nà Alajue láìjẹ́ pé aládùúgbò rẹ̀ gbọ́. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ẹni tí oko rẹ̀ jìnnà jù lọ, lẹ́bàá odò, ni yóò kọ́kọ́ ké pé, "Ilé yá o!" Ẹni tó tẹ̀ lé e á dáhùn, á dárúkọ ara rẹ̀, á sì ké sí ẹni tó wà níwájú. Báyìí ni ohùn yóò máa ti oko bọ́ sí oko títí yóò fi kan títì. Ìyàndá, bàbá Àwáwù, kì í gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rí kí ohùn tó pé. Bí ohùn ẹnì kan bá sọnù, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní í relé. Kì í ṣe nítorí ogun nígbà náà. Nítorí ejò ni, àti nítorí igbà tó lè já mọ́ ènìyàn lórí ọ̀pẹ.

Ọ̀kadà ló pa àṣà náà. Kálukú ń fi fóònù pe ọlọ́kadà tirẹ̀, á gun ẹ̀yìn rẹ̀ fìrì, ó di ilé. Ẹ̀rọ wá ń ké, ènìyàn kò ké mọ́. Ọmọ ènìyàn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹlòmíràn láìkí i kú iṣẹ́, àwọn àgbà sì ń wò ó níran bí ẹni pé ọ̀làjú ni.

Àwáwù ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Oko tí Ìyàndá fi sílẹ̀ fún un, lórí gegele tó kọjú sí odò, ni gbogbo ohun tó ní. Ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ ló fi tọ́ Najeem, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, títí ó fi di ológun tí wọ́n gbé lọ sí Borno. Ibẹ̀ náà ló fi rọ́jú nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó kọjá, àwọn agbébọn jí tọkọtaya kan gbé ní òdìkejì odò. Wọ́n padà wálé láàyè, ṣùgbọ́n ọkọ kò sọ̀rọ̀ sókè mọ́ láti ọjọ́ náà, ìyàwó kì í sì fẹ́ gbọ́ ìró ọ̀kadà. Láti ìgbà yẹn ni oko ti ń dá páropáro. Ẹ̀gẹ́ ń gbó sínú ilẹ̀, koríko sì ń gorí ebè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Najeem pè é láti ibi iṣẹ́.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oko yẹn sílẹ̀. Ìlú onílùú ni mò ń ṣọ́ níbí. Ẹ má jẹ́ kí ọkàn mi pín sí méjì."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń rójú sùn nínú aginjù yẹn?"

"À ń pe ara wa lórí ẹ̀rọ, láti ibùdó dé ibùdó. Ibùdó tí kò bá dáhùn, a kì í sọ pé bóyá wọ́n sùn ni. A ó gbà pé ewu wà níbẹ̀, a ó sì gbéra."

Àwáwù rẹ́rìn-ín. "Najeem, ohun tí bàbá mi ń ṣe nìyẹn. Igbe ló fi ń ṣe tirẹ̀."

Kò pẹ́ sí i ni Alhaji Teslim, alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ọ̀nà náà, pe ìpàdé sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Alajue. Ọ̀gá kan wá láti inú àwọn ẹ̀ṣọ́ aláàbò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Ó ní, "Ìlànà ààbò orílẹ̀-èdè yìí, ìpele ìpele ni. Àwọn ológun wà ní ẹnubodè, ọlọ́pàá wà nígboro, àwa wà nínú igbó. A ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fò, tó ń ya àwòrán láti òkè. Ṣùgbọ́n n kò ní í parọ́ fún yín: ojú rẹ̀ kì í wọ abẹ́ ọ̀pẹ. Ogun tòní kì í wọ aṣọ ogun. Ó lè gun ọ̀kadà wá, kí ó tọrọ omi mu lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ rí i. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tí a kò tètè gbọ́, igbó á ti gbé wọn mì."

"Ọ̀gá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró létí odò," Fàdìlàt sọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin yìí jáde ní pólì, ó wáṣẹ́ títí, ó sì bọ́ sídìí ẹ̀fọ́ gbígbìn lẹ́bàá odò gan-an. Kò sí oko mìíràn lẹ́yìn tirẹ̀.

Alhaji Teslim mirí. "Ẹ ò gbọ́ bí? Ẹ jẹ́ kí á pa ọ̀nà yẹn tì títí ìjọba yóò fi gbé ológun wá síbẹ̀."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà náà ni Àwáwù dìde.

"Alhaji, ẹ má tì í. Oko tí a kò bá ro ni àwọn agbébọn ń fi ṣe yàrá. Bí a bá fi oko sílẹ̀ fún wọn lónìí, ẹ̀yìnkùlé wa ni wọn ó béèrè lọ́la. Ẹ jẹ́ kí á dá ìpè ìrọ̀lẹ́ padà."

Adéwálé káfíńtà, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Bàbá Fèyísọ́lá, bú sẹ́rìn-ín. Oko ọ̀pẹ ló ní lọ́nà náà, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi. "Ìyá Najeem, àkùkọ lẹ fẹ́ kí á dà ni? Àkùkọ tó bá ń kọ nírọ̀lẹ́, ṣebí pípa ni wọ́n ń pa á!"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín.

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, Bàbá Fèyísọ́lá," Àwáwù wí.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ibo la sì ti ń bá alákàn? Nínú ìkòkò ọbẹ̀!"

"Èyí tó dá rìn ni," Àwáwù fèsì. "Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sè é."

Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n bá lè máa pe ara wọn, òun yóò fún wọn ní nọ́ńbà tí ẹnì kan yóò máa gbé nígbà gbogbo. Alhaji Teslim ronú díẹ̀, ó wá dájọ́. "A ó dán an wò títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi rọ̀. Bí ìpè yín bá já kó tó dìgbà náà, a ó ti ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tún yọ mí lẹ́nu."

Bẹ́ẹ̀ ni ìpè bẹ̀rẹ̀. Fàdìlàt ni yóò ké láti etí odò, Àwáwù á gbà á lórí gegele, á jù ú síwájú. Ojú kọ́kọ́ ń ti àwọn ọkùnrin. Wọ́n á ké e bí ẹni tí ń wúkọ́. Nígbà tó yá, ohùn wọ́n là.

Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ìpè dé oko Adéwálé, tó sì dákẹ́. Wọ́n ké, wọ́n tún ké. Wọ́n wọ abẹ́ ọ̀pẹ, wọ́n yẹ inú kòtò wò, àwọn obìnrin ti ń ké pe Ọlọ́hun. Ilé ni wọ́n ti bá a níkẹyìn, nídìí àwo, tó ń yọ egungun ẹja, tí Comfort aya rẹ̀ sì ń bu omi fún un.

"Mo gbàgbé ni o," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

"Ó ti já!" Alhaji Teslim pariwo. Àwọn mìíràn búra pé àwọn kò ní í tún fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀gún nítorí ẹni tó ń jẹun.

"Alhaji, okùn tó bá já, ṣé a kì í so ó ni?" Àwáwù bi í. "Ẹ fún mi títí di àkọ́rọ̀, bí ẹ ti wí." Alhaji gbà fún un, ó ní ẹ̀ẹ̀kan yìí mọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ bá Adéwálé nílé. Kò bá a jà.

"Láti òní lọ, Bàbá Fèyísọ́lá, ẹ̀yin lẹ ó máa dúró lẹ́nu títì. Ọ̀dọ̀ yín ni ìpè yóò máa parí sí. Ẹ ò ní í lọ títí ohùn gbogbo wa yóò fi pé."

"Ìyá Najeem, ẹ fẹ́ fi mí ṣe ọlọ́dẹ?"

"Ẹ ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kù kí ẹ fi ara yín ṣe ọlọ́dẹ."

Comfort rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Adéwálé kùn, ṣùgbọ́n ó gbà.

Òjò ti ń ṣú lójú ọ̀run láìrọ̀ nígbà tí ọjọ́ ìdánwò dé. Ìrọ̀lẹ́ ni, Àwáwù ń retí ohùn Fàdìlàt, kò gbọ́ nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ké sí etí odò: "Fàdìlàt, ilé yá o!" Ẹyẹ nìkan ló dáhùn. Ó tún ké. Ó tẹ fóònù ọmọ náà. Ohùn inú ẹ̀rọ ní wọ́n ti pa á. Àwọn tó wà níwájú kò gbọ́ ìpè, wọ́n bá rọ́ wá sórí gegele. Adéwálé sáré láti ẹnu títì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó ti relé bíi ti Bàbá Fèyísọ́lá ni," ẹnì kan wí.

"Ilẹ̀ fẹ́ ṣú," Alhaji Teslim sọ. "Ẹ jẹ́ kí á máa lọ. Bóyá a ó bá a nílé."

Àwáwù tún gbé fóònù. Ó pe nọ́ńbà ọ̀gá ẹ̀ṣọ́. Ọ̀gá bi í léèrè: ta ni? níbo? ìgbà wo lẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ gbẹ̀yìn? Ó sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má sún mọ́ odò, màmá. Ẹ kóra jọ síbi gbangba, kí ẹ máa pè é. À ń bọ̀."

Àwọn ọkùnrin ń wo ojú ọ̀nà ilé. Àwáwù mọ̀ pé bí wọ́n bá túká nísinsìnyí, ìpè ti kú nìyẹn, oko bàbá rẹ̀ ti lọ, Fàdìlàt sì lè bá a lọ. Ó gún ọkọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dúró tì í.

"Ẹni tó bá fẹ́ lọ kó máa lọ. Ohùn Fàdìlàt kò tíì pé."

Adéwálé ló kọ́kọ́ rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Alhaji, èmi ò lè lọ. Ẹ wá èmi náà lọ́jọ́sí." Ó gbé ohùn ìsàlẹ̀ tó fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì sókè: "Fàdìlàt! Ilé yá o!" Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó yá, Alhaji Teslim pàápàá bọ́ fìlà, ó ń ké. Wọn kò dákẹ́ títí ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ fi dé, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò.

Lẹ́yìn náà, láti ìsàlẹ̀, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde wá, ó ń gbọ̀n:

"Ilé yá o! Fàdìlàt gbọ́!"

Àwáwù jókòó sórí ebè, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Erùpẹ̀ kún irun Fàdìlàt nígbà tí wọ́n mú un dé. Ó ní àwọn ọkùnrin agbébọn ló gun ọ̀kadà gba inú odò tó ti fà wá, wọ́n lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀fọ́ òun. Òun dọ̀bálẹ̀ sáàárín ẹ̀gẹ́ etí oko, òun pa fóònù kó má baà dún. Bí igbe kò ṣe dáwọ́ dúró lórí gegele, ọ̀kan nínú wọn ní àwọn ará ibí ti mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀, ni wọ́n bá yí padà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti gba ojú ọ̀nà wọn lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti mú díẹ̀ nínú àwọn agbébọn náà lódìkejì odò.

"Ẹ̀rù ò bà ọ́ pé a ó fi ọ́ sílẹ̀?" Àwáwù bi í.

"Ẹ̀rù bà mí, Màámi. Mò ń gbọ́ yín, n ò sì lè dáhùn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ò ní í lọ."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹ ṣáà wá Bàbá Fèyísọ́lá kiri, ẹni tó wà nílé tó ń jẹ ẹja. Bí ẹ bá lè wá ẹni tó ń jẹun, ẹ máa wá èmi."

Ẹ̀rín bá wọn nínú ẹkún. Adéwálé wo ilẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nu ojú.

Nígbà tí àkọ́rọ̀ rọ̀, Alhaji Teslim kò pe ìpàdé kankan. Igi ẹ̀gẹ́ tuntun ló rù kọjá lọ sóko.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Najeem pè. "Màámi, ṣé ẹ ti délé?"

"Rárá o. Ó ku ohùn kan."

Najeem kò sọ fún un mọ́ pé kí ó fi oko sílẹ̀. Òun náà ń dúró lórí fóònù, títí ohùn ńlá kan fi dún wá láti ẹnu títì, lórí ilẹ̀ tútù: "Ó pé o! Ẹ máa bọ̀ nílé!"

"Ta nìyẹn?" Najeem béèrè.

Àwáwù gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rù. "Àkùkọ wa ni," ló wí, ó sì kọrí sílé.