Ewé Furútù Inú Ife

Òórùn káfúrà àti íńkì dúdú ló máa ń pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Súrùlérè, lọ́dún tí àrùn jẹjẹrẹ dá wọn dùbúlẹ̀. Àǹtí la máa ń pè wọ́n. Tíṣà bàọ́lọ́jì ni wọ́n ní Yábàá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ewé tí wọ́n bá sì fi íńkì yà kò ní ẹ̀tàn nínú: ibi tí kòkòrò bá jẹ, wọ́n á ya ihò rẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí dókítà ní ká máa gbé wọn lọ sílé, Àǹtí ní kí n já ewé kan wá lórí igi furútù ẹ̀gbẹ́ géètì. Wọ́n ní kí n fi sínú ife, kí n má bu omi sí i. Ewé kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n fẹ́ máa yà lójoojúmọ́, láti ìgbà tó tutù títí tó fi máa rún.

“Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń lọ,” ni wọ́n wí. Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù.

Màmá mi kì í fẹ́ rí ohun tó ń bàjẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti ní àmì dúdú lára kò gbọdọ̀ wọ yàrá aláìsàn. Láràárọ̀, kí Àǹtí tó jí, màmá mi á ju ewé àná nù, wọ́n á fi tútù rọ́pò rẹ̀. Wọ́n rò pé ewé ṣáà ni ewé. Èyí tí Àǹtí bá rí ni wọ́n ń yà. Ara wọn ń joro sí i, ewé inú ife ò sì gbẹ rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí kó àwọn àwòrán náà lé màmá mi lọ́wọ́. Ewé tútù ni gbogbo wọn, kò sì sí méjì tó jọra.

“Àbúrò mi, ewé mi dà?”

“Ó ti ń rọ, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa rí nǹkan tó dáa.”

“Kò ní pẹ́ tí mi ò fi ní lè di pẹ́ẹ̀nì mú mọ́. Jẹ́ kí eléyìí gbẹ, kó o jókòó tì mí.”

Màmá mi bú sẹ́kún. Inú bí mi sí Àǹtí lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé ìkà ni wọ́n ń ṣe.

Ṣùgbọ́n màmá mi jókòó. Ewé yẹn pàwọ̀ dà láti etí, ó ká kò, iṣan rẹ̀ yọ síta bíi ti ẹ̀yìn ọwọ́ Àǹtí. Ó rẹwà, ó sì dùn mí pé ó rẹwà. Nígbà tí ọwọ́ Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, màmá mi ló ń bá wọn di ìgbọ̀nwọ́ mú. Ìdajì àwòrán tó gbẹ̀yìn ni wọ́n yà kí wọ́n tó dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ń gbá yàrá náà, mo sì na ọwọ́ sí ife yẹn láti dà á nù. Màmá mi gbà á lọ́wọ́ mi.

“Fi í lẹ̀. Kò tíì rún.”

Tẹ́lẹ̀, ìfẹ́ ni mo ka gbogbo ewé tútù wọ̀nyẹn sí. Ìfẹ́ náà ni lóòótọ́, ẹ̀rù ló kàn bò ó mọ́lẹ̀. Àǹtí mọ̀ pé àwọn ń kú. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀ wá fún ò ju pé ká má jẹ́ kí àwọn nìkan máa wo bó ṣe ń lọ.