Ojú Ìwé Tí Colette Kò Ṣí

Ní ìlú kan ní àríwá Maine, níbi tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti máa ń gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn ọmọ lè kórè ọ̀dùnkún, ni Colette Thibodeau ti ń lo ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọwọ́ rẹ̀ dùn nínú ìwé kíkọ. Bí ó bá ṣàpèjúwe yìnyín, otútù a mú ẹni tí ń kà á. Ṣùgbọ́n ìṣirò kì í bá a rẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn yunifásítì tí ó fojú sí lára ń ṣa akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni ṣa ẹ̀wà.

Ìyáàfin Pruitt, olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ náà, fa ìlà mẹ́ta sínú ìwé: àwọn yunifásítì tí yóò gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn tí ó ṣeé ṣe, àti àwọn tí ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ lè tó. Ìlà kẹta ni èyí tí Colette fẹ́ jùlọ wà.

"Máàkì rẹ ò lè gbé ẹ débẹ̀," ni Ìyáàfin Pruitt wí. "Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, márùn-ún ni wọ́n ń mú. Àmọ́ àròkọ yìí! Ó pa mí lẹ́kún, ọmọ yìí." Ó mú ìrésà, ó pa orúkọ yunifásítì náà rẹ́, ó sì kọ ọ́ sí ìlà àárín. "Ṣé bàbá ẹ ti gbọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ wọn ló kún ibẹ̀. Kà á fún wọn kó o tó fi ránṣẹ́."

Ayọ̀ Colette gbẹ. Armand, bàbá rẹ̀, tí ń wa ọkọ̀ tí ń kó yìnyín kúrò lójú títì, kò mọ̀wé kà. Nítorí ìkórè kan ni wọ́n ṣe mú un kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò sì padà. Láti ìgbà tí ìyá Colette ti kú, Colette nìkan ló mọ àṣírí náà, òun náà ló sì tú u sí ojú ìwé kejì àròkọ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀wà àti pankéèkì tán, ó mú ìwé náà jáde.

"Pàpá, àròkọ mi rèé."

"Kà á sí mi létí, akọ̀wé. Mo mà tún gbàgbé awò mi." Armand rẹ́rìn-ín, kò ní awò kankan láyé.

Colette ka ojú ìwé kìn-ín-ní, tí ó dá lórí ìkórè. Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀, kò ṣí ojú ìwé kejì. Ó tẹjú mọ́ ibì kan náà, ó sì ń hun ọ̀rọ̀ dídùn jáde láti orí ara rẹ̀, nípa bàbá tí ó kọ́ ọmọ láti mọ ìgbà tí yìnyín yóò rọ̀.

"Ó dùn," ni Armand wí. "Àmọ́ ìwé méjì ló wà lọ́wọ́ ẹ. O ò ṣí ìkejì."

"Pàpá..."

"Láti kékeré ni mo ti ń wò ẹ́ bó o ṣe ń kàwé. Ojú ẹ máa ń sáré ni. Lẹ́ẹ̀kan yìí, ńṣe ló dúró sójú kan. Ṣí i."

Colette ń wá ibi tí ilẹ̀ yóò ti lanu, ilẹ̀ kò lanu. Ó kà á: bí bàbá rẹ̀ tí kò mọ̀wé kà ṣe di ìwé ètò mú níbi ayẹyẹ ìfúnni-lẹ́bùn ilé ẹ̀kọ́, tí ó dorí ìwé náà kodò, tí ojú fi ti òun Colette, tí òun dìde lọ jókòó sí ìlà àga mìíràn.

Armand kó àwo jọ.

"Mo rò pé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ lo lọ bá níjọ́ yẹn." Ó gbé wọn lọ síbi ìfọ̀. "Ta ló ti kà á?"

"Ìyáàfin Pruitt."

"Tí mò ń kó yìnyín ẹnu ọ̀nà wọn? Hẹn. Ṣé yunifásítì á torí ẹ̀ gbà ẹ́?"

"Wọ́n ní ó ṣeé ṣe."

"Fi ránṣẹ́. Irọ́ ò kúkú sí níbẹ̀." Ó dé fìlà, ó jáde, bẹ́ẹ̀ ó ku wákàtí méjì kí iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Colette gbé àròkọ mìíràn lọ bá Ìyáàfin Pruitt, nípa ọmọ kan tí ó fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ láàárín èrò.

"O ò sọ ohun tó lé ẹ dìde," ni Ìyáàfin Pruitt wí.

"Èyí tó jẹ́ tèmi níbẹ̀ ni mo kọ, mà. Ìyókù, ti Pàpá ni."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó mú ìrésà, ó dá orúkọ yunifásítì náà padà sí ìlà kẹta.

"Wọ́n ṣì lè gbà ẹ́. Àmọ́..."

"Mo mọ̀, mà."

Lóde, ọkọ̀ Armand ń kó yìnyín lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́. Ó tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Colette gbé ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n kò lè gbé ojú sókè wò ó.