Etí Ìwé Tí Gúnrégé Gé

Adìwé ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìwé tó ti fàya, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, òun ló ń rán an, tó ń lẹ̀ ẹ́, tó ń fi ẹ̀rọ gé etí rẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú. Bí etí ìwé bá wọ́ díẹ̀ báyìí, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Èmi tí mo ń ta bírò ní ṣọ́ọ̀bù kejì ni mo sọ ọ́ ní Gúnrégé, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó kó máa gun òkè. Kì í ṣe òkè tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn gùn o. Àpáta tó dúró ṣánṣán ni, tó ga ju ibi tí okùn kan lè dé lọ. Wọn á gun abala kan, wọn á so ara wọn mọ́ òkúta, wọn á dúró de ẹnì kejì, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ abala mìíràn. Mo máa ń bi í pé nǹkan rẹ̀ wo ló so sókè níbẹ̀.

Lọ́dún tó fẹ́ lọ gun àpáta kan lókè òkun, ó kó ìwé atọ́nà méjì wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀kan tuntun, ó ń dán, àwòrán kún inú rẹ̀. Ìkejì ti gbó, àwọn tó ti lò ó rí ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan síbẹ̀ káàkiri.

"Bọ̀dá mi, èwo ni kí n mú?"

"Àwòrán kì í gun òkè," Gúnrégé dáhùn. "Mú ògbólógbòó yìí. Ẹni tó kọ ọ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀. Àmọ́ o ò ní gbé e lọ báyìí, ó dọ̀tí jù. Jẹ́ n bá ẹ tún un dì."

Ó tún un dì lóòótọ́. Ó gé etí rẹ̀, ó fi aṣọ pupa bo ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi gan-an yìn ín, mo sì ń kábàámọ̀ ẹnu tí mo fi yìn ín dòní.

Àbúrò gun àpáta yẹn dórí. Ìgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lápá òsì ni òkúta yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé.

Lọ́sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, Gúnrégé ń da àpò àgékù bébà nù. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tó gé kúrò lára ìwé náà ló fà jáde. Lórí ọ̀kan, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ gba etí bébà, látòkè délẹ̀: "Ẹ má gba òsì sọ̀ kalẹ̀. Òkúta ibẹ̀ kò dúró." Ó rí i nígbà tó ń gé e, kò kà á. Ìdọ̀tí ló pè é. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo rò pé ẹ̀rọ ló gé e lọ́wọ́.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló lè máa pòwe sójú ẹni tó ń sunkún? Mo ní kó pa á mọ́nú. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi pa á mọ́nú, ó sì ń rù.

Lóṣù tó kọjá, mo jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin àbúrò náà wọlé. Ó ti dàgbà, ó jọ bàbá rẹ̀ bí ìmumu. Ó to ìwé atọ́nà mẹ́ta sórí tábìlì.

"Dádì àgbà, àpáta tí Dádì mi gùn ni mo fẹ́ lọ gùn. Ẹ bá mi yan ìwé. Ẹ̀yin náà lẹ yan tiwọn."

Mo mi orí sí Gúnrégé pé kó má sọ ọ́. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi kan pe méjì.

"Èmi ni mo gé ọ̀rọ̀ tí ì bá gba bàbá ẹ là," ó ní. "Má gba òsì, ọmọ mi. Ìwé yòówù kó o mú, má gba òsì."

Omi ń dà lójú ọmọ náà, kò nu ún. Nígbà tó yá, ó fúnra rẹ̀ mú ọ̀kan nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ẹ̀yìn èyí ò lágbára," ni Gúnrégé wí, ó sì nawọ́ sí i. "Fi sílẹ̀ di ọ̀la, kí n bá ẹ rán an."

Ọmọ yìí, tó jẹ́ pé ọwọ́ yẹn ló di gbogbo ìwé rẹ̀ láti kékeré, gbá ìwé náà mọ́ àyà.

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Bó ṣe wà yìí náà ti dáa."

Kò pè é ní sà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.