Ìtàn Àga Ọba Tí Mo Ní Mo Ti Tẹ̀

"Ọba ló dá àga yẹn sílẹ̀." Bí bàbá náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí mo bá ti de bẹ́líìtì fún un nínú mọ́tò. Olùkọ́ òfin tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Clinton, ní Maryland, l'Amẹ́ríkà. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ sílé lẹ́yìn ìsìn. Ó ń kọ ìtàn àga náà, ìyẹn ipò ọ̀jọ̀gbọ́n òfin tí ọba kan dá sílẹ̀ ní yunifásítì àtijọ́ tó ti kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan jẹ oyè náà láìkọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn sì máa ń bí i nínú.

Ó kó àfọwọ́kọ rẹ̀ fún mi kí n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́. N kò fọwọ́ kàn án. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa kà á. Nígbà tó bi mí, mo ní, "Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán, sà."

Nígbà tí ojú rẹ̀ di bàìbàì, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, wá kà á fún mi." Mo ń ka àfọwọ́kọ náà, mo ń kọsẹ̀ níbi tí ìkọ̀wé rẹ̀ kò ti hàn. Ó gbọ́ mi títí.

"Ọwọ́ ìkọ̀wé mi lò ń kà yẹn," ló sọ jẹ́jẹ́.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó gba ìwé náà, ó ní, "Ẹ ṣeun."

Títí ó fi kú, "ẹ" ló ń pè mí.