Ọjọ́ Tí Ergash Di Igi Ṣẹ́rì

Ohun tí àdúgbò wa ní ìlú Fàgánà kọ́kọ́ ń rántí nípa olóògbé Ergash ni àárọ̀ ọjọ́ tó wọnú kòtò nínú ọgbà rẹ̀, tó bu ẹrẹ̀ bo ẹsẹ̀ dé orúnkún, tó sì na apá méjèèjì sókè. Hamdam, aládùúgbò rẹ̀, yọjú lórí ògiri.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan?”

“Má dà mí láàmú. Igi ṣẹ́rì ni mí. Mo ń wò ó bóyá oòrùn ibí yóò tó mi.”

“Ó tó yín bí?”

“Oòrùn tó. Aládùúgbò ló pọ̀ jù.” Ó fa ẹsẹ̀ yọ, ó fi bàtà kan sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó lọ gbẹ́ kòtò mìíràn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Igi ṣẹ́rì eléso pupa wẹ́wẹ́ tó jẹ́ ti bàbá Oyniso, ìyàwó Ergash, ti wó; ọmọ igi kan ṣoṣo tó hù ní ìdí rẹ̀ ló kù, inú garawa kan ni wọ́n sì gbé e sí. Bí ó bá rúwé kí wọ́n tó gbìn ín, ó lè kú, ìran igi náà yóò sì parẹ́. Nítorí náà ni Ergash kò fi lè jókòó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, kòtò méje! Ẹ̀bá ògiri kò dára: èso tó bá yọ sí ìta, ti ẹni tó ń kọjá ni. Ẹ̀bá omi, gbòǹgbò yóò jẹrà. Ẹ̀bá ilé Hamdam, òjìji rẹ̀ yóò bo àjàrà tí ìyẹn ń sá. Ewúrẹ́ ti já sínú kòtò karùn-ún.

“Bàbá Zulfiya,” ni Oyniso wí, “kòtò yín ti tó sin gbogbo ẹbí wa, igi kan ṣoṣo ni kò tíì ríbi wọ̀!”

Ní ọjọ́ kẹwàá, ewé àkọ́kọ́ là. Oyniso gbé garawa, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

“Níbo lò ń gbé e lọ?”

“Ọ̀dọ̀ Hamdam. Kòtò kan péré ni yóò gbẹ́.”

Ergash sáré, ó dí i lọ́nà. “Dúró! Ibi tí o dúró sí yẹn gan-an ni!”

“Àárín ọ̀nà? Níbo ni a óò máa gbà?”

“Ènìyàn lè yà. Igi kò lè yà.”

Láti ìgbà náà ni gbogbo wa ti ń yà á.

Nígbà tí Ergash kú, àwọn ọkùnrin gbé e sáré-sáré, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé òkú níhìn-ín, títí wọ́n fi kan igi náà. Wọ́n yí sí òsì, ọ̀nà kò gbà wọ́n. Wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n yí sí ọ̀tún.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín!” ni Hamdam wí. Ẹ̀rín gbẹnu gbogbo wọn, omijé sì ń bọ́ lójú wọn.

“Ẹ rọra,” ni Oyniso wí láti ẹnu ilẹ̀kùn. “Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i nílé.”